BÍ LÍÌGÌ BÁ Ń FẸ̀, TA NI YÓÒ SAN OWÓ ỌKỌ̀?

  Ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù ló wà nílẹ̀ lọ́sẹ̀ yìí. Kí ìyá tó ń ta àdìrẹ ní Ìtòkú má ṣí ojú ìwé yìí kọjá o, nítorí ọ̀rọ̀ náà kan òun náà. Bọ́ọ̀lù kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọmọdé nìkan. Ẹni tó ń din àkàrà lẹ́nu ọ̀nà pápá ìṣeré Kútọ̀, ẹni tó ń ta omi tútù, fọganáísà tó ń fẹ́ táyà fún ọkọ̀ àwọn tó wá wòran, télọ̀ tó ń rán aṣọ ẹgbẹ́, gbogbo wọn ló ń jẹ lára bọ́ọ̀lù. Bí èrò bá kún pápá, owó á wọlé. Bí pápá bá dá páro, àkàrà á tutù sínú igbá.

Ìbéèrè tó wà nílẹ̀ rèé. Kí ló dé tí àwọn ọkùnrin Kẹ́mta fi ń kún ilé ìwòran bọ́ọ̀lù fọ́fọ́ lọ́sàn-án Sátidé láti wo Arsenal àti Chelsea, ṣùgbọ́n tí wọn kì í fi bẹ́ẹ̀ yọjú sí pápá tí wọ́n ti ń gbá líìgì ilé wa? Àwọn kan ní àwọn ọmọ wa ò mọ bọ́ọ̀lù gbá mọ́. Irọ́ ni. Àwọn kan ní àwọn rẹfirí ló ń bà á jẹ́. Ó lè rí bẹ́ẹ̀ nígbà mìíràn. Ṣùgbọ́n nǹkan kan wà níbẹ̀ tí àwọn èèyàn kì í sábà sọ. Ìyẹn ni bí àwọn aláṣẹ ṣe ń fẹ líìgì, tí wọ́n ń dín in kù, tí wọ́n tún ń pín in sí méjì, tí wọn kì í sì í bi ẹni tó ń wòran léèrè bóyá ẹsẹ̀ rẹ̀ lè débẹ̀, tàbí bóyá àpò rẹ̀ lè gbé e.

IBI TÓ TI BẸ̀RẸ̀

Ọdún 1972 ni wọ́n dá líìgì gbogbo Nàìjíríà sílẹ̀. Ogun abẹ́lé ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ní 1970 ni. Ẹgbẹ́ mẹ́fà péré ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Mighty Jets ti ìlú Jos ló kọ́kọ́ gbà á. Bendel Insurance ti Benin gbà á ní 1973. Rangers ti Enugu gbà á ní 1974 àti 1975. Nígbà tó di 1976, Shooting Stars ti Ìbàdàn kó o lọ sílé. Ẹgbẹ́ kò pọ̀ nígbà náà, ọmọ kékeré lè ka orúkọ gbogbo wọn láìṣìnà.

Ṣùgbọ́n líìgì dà bí ọjà tuntun. Bí wọ́n bá gbọ́ pé ó ń tà, gbogbo èèyàn ni yóò fẹ́ ní ìsọ̀ níbẹ̀. Àwọn ìlú mìíràn ní àwọn náà fẹ́ wọlé. Ilé-iṣẹ́ ńlá dá ẹgbẹ́ sílẹ̀, olówó dá tirẹ̀ sílẹ̀, ìjọba ìpínlẹ̀ náà dá tirẹ̀. Ní 1990, wọ́n sọ ọ́ di líìgì àwọn tó fi bọ́ọ̀lù ṣe iṣẹ́ òòjọ́, ẹgbẹ́ 16 ló sì wà nínú rẹ̀. Nígbà tó yá, ó di 20.

Kò sí ẹ̀bi nínú kí nǹkan gbòòrò. Ṣebí bí ọjà bá gbòòrò, oníbàárà ló ń pọ̀ sí i. Ọ̀rọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé ọjà tó gbòòrò tí kò lọ́nà, àwọn tó ni ìsọ̀ nìkan ni yóò máa wo ojú ara wọn.

Ẹ RÁNTÍ ABÍỌ́LÁ BABES

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti gbó díẹ̀, ẹ ò lè gbàgbé Abíọ́lá Babes. Olóògbé Olóyè Moshood Abíọ́lá, ọmọ Abẹ́òkúta, ló ni ẹgbẹ́ náà, Abẹ́òkúta níbí ni ilé wọn. Ní 1984, wọ́n dé àṣekágbá ife Challenge, Leventis United ti Ìbàdàn ló borí wọn. Wọn ò bọ́hùn. Ní 1985, wọ́n gba ife náà. Ní 1987, wọ́n tún gbà á. Ràṣídì Yẹkínì gan-an gbá bọ́ọ̀lù fún wọn kó tó lọ sí Abidjan, Ràṣídì yìí kan náà ló sì jẹ góòlù àkọ́kọ́ fún Nàìjíríà nínú ife àgbáyé, nígbà tí wọ́n pàdé Bulgaria ní 1994.

Kí ló mú kí ìgbà yẹn dùn bẹ́ẹ̀? Owó Olóyè wà níbẹ̀, a ò lè purọ́. Àwọn ọmọ tó mọ̀ ọ́n gbá wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo nǹkan kan sí i. Àwọn tí Abíọ́lá Babes ń bá figa gbága, Leventis United àti Shooting Stars, Ìbàdàn ni àwọn méjèèjì wà. Abẹ́òkúta sí Ìbàdàn kò tó kìlómítà 100. Èèyàn lè ta ọjà rẹ̀ láàárọ̀, kó wọ bọ́ọ̀sì, kó lọ fi ọmọ Ìbàdàn ṣẹ̀sín, kó sì sùn sí ilé rẹ̀ ní Kẹ́mta lóru ọjọ́ náà. Bí wọ́n bá nà wá, ọmọ Ìbàdàn tó ń kó ẹrù wá sí ọjà wa yóò dé ní ọjọ́ Ajé, yóò máa rẹ́rìn-ín. Èyí ni adùn bọ́ọ̀lù. Ẹni tí a mọ̀ ni a fẹ́ borí. Ta ló ń bá ẹni tí kò mọ̀ rí ṣàwàdà?

Lónìí, Abíọ́lá Babes ò sí mọ́. Leventis United náà ò sí. Àwọn wọ̀nyí gba líìgì àti ife Challenge lọ́dún kan náà, ní 1986, ilé-iṣẹ́ tó ni wọ́n sì tú wọn ká ní 1987. Kì í ṣe pé wọ́n ń fìdí rẹmi. Ẹni tó ń sanwó ló ní ó tó gẹ́ẹ́. Nínú irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹni tó ń pariwo títí ohùn fi há kò ní ohùn kankan nínú ìwé. Ìfẹ́ tiwọn ni, ẹgbẹ́ kì í ṣe tiwọn.

OGÚN DI MẸ́RÌNLÉLÓGÚN

Ẹ jẹ́ ká wá sí èyí tí kò tíì pẹ́. Ní 2018, ìjà bẹ́ sílẹ̀ lórí ta ni olórí àjọ bọ́ọ̀lù Nàìjíríà. Wọ́n gbá ọ̀sẹ̀ 24 nínú 38, wọ́n sì dá líìgì dúró síbẹ̀. Wọ́n ní Lobi Stars ti Makurdi tó wà lókè ni kó gbà á. Nítorí pé líìgì ò parí, wọn ò lé ẹgbẹ́ kankan wálẹ̀. Síbẹ̀, wọ́n tún gba àwọn tó ń bọ̀ láti ìpele kejì wọlé. Báyìí ni 20 ṣe di 24 ní sáà 2018/2019. Kì í ṣe pé ẹnikẹ́ni jókòó, ó ronú, ó ní ó yẹ kí líìgì fẹ̀. Ìjà àgbà ló bí i.

Nígbà tí 24 pọ̀ jù láti máa káàkiri, wọ́n pín wọn sí ọ̀nà méjì, méjìlá níhìn-ín, méjìlá lọ́hùn-ún. Mẹ́fà tó dára jù wá pàdé láti mọ ọ̀gá, Enyimba ti Aba ló gbà á. Sáà tó tẹ̀ lé e, wọ́n ní kó padà sí 20. Àìsàn kòrónà dé ní 2020, wọ́n dá a dúró, ẹnikẹ́ni ò gba ife. Ní 2022/2023, wọ́n tún pín 20 sí méjì, mẹ́wàá mẹ́wàá, Enyimba tún ni. Ní 2023/2024, wọ́n tún so gbogbo rẹ̀ pọ̀, Rangers gbà á.

Ẹ fojú inú wò ó bí ẹni pé ọjà ni. Lọ́dún yìí, wọ́n ní ọrọọrún ni ẹ ó máa ná an. Ọdún tó ń bọ̀, wọ́n ní ọjọ́ mẹ́sàn-án mẹ́sàn-án. Ọdún kẹta, wọ́n ní ìdajì ọlọ́jà kò ní rí ìdajì kejì mọ́, àfi mẹ́fà nínú wọn lópin ọdún. Ta ni oníbàárà tí yóò dúró? Bí wọ́n bá pín ẹgbẹ́ sí méjì bẹ́ẹ̀, ó ṣeé ṣe kí aládùúgbò méjì má pàdé látìbẹ̀rẹ̀ sáà títí dé òpin rẹ̀. Nígbà tí wọ́n bá sì so wọ́n pọ̀, ẹgbẹ́ láti ilẹ̀ Ògùn yóò ní láti lọ bá El-Kanemi Warriors ní Maiduguri, ìrìn tó ju kìlómítà 1,200 lọ, ní àlọ nìkan.

ÌṢIRÒ ẸNI TÓ Ń WÒRAN

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀ bí ọlọ́jà ṣe ń ṣírò. Káfíńtà kan ní Kẹ́mta fẹ́ tẹ̀ lé ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ sí Ìkẹ́nnẹ́ tàbí Ìbàdàn. Owó ọkọ̀ àlọ àti àbọ̀, tíkẹ́ẹ̀tì, oúnjẹ díẹ̀, ìdajì ọjọ́ iṣẹ́ tí kò rí ṣe. Ó dùn ún, ṣùgbọ́n ó lè fara dà á. Bó bá jẹ́ Kano tàbí Maiduguri ńkọ́? Owó ọkọ̀ ọjọ́ púpọ̀, ibi tí yóò sùn, oúnjẹ ọjọ́ mẹ́ta sí mẹ́rin, gbogbo iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ kan ti lọ. Oníbàárà tó gbé bẹ́ẹ̀dì fún un láti tún ṣe yóò ti lọ bá ẹlòmíràn. Nítorí náà, yóò jókòó sílé. Bó bá sì jókòó sílé títí, ẹgbẹ́ náà á di orúkọ lásán fún un. Ilé ìwòran bọ́ọ̀lù tó wà ní ìkòríta ló máa gbà á. Níbẹ̀, Arsenal kò ju ìṣísẹ̀ igba lọ sí ilé rẹ̀. Ẹ ò rí i? Lọ́ńdọ́nù ti wá sún mọ́ Kẹ́mta ju Maiduguri lọ.

Ká tiẹ̀ yọ ti owó sí ẹ̀gbẹ́ kan, ọ̀nà gan-an ńkọ́? Ní oṣù kẹta ọdún 2015, àwọn agbébọn dá ọkọ̀ Kano Pillars lọ́nà nígbà tí wọ́n ń lọ sí Owerri, wọ́n yìnbọn lu àwọn agbábọ́ọ̀lù. Ní oṣù kejì ọdún 2021, wọ́n dá Adamawa United lọ́nà lójú ọ̀nà Benin sí Ọ̀rẹ̀ nígbà tí wọ́n ń bọ̀ ní Èkó, wọ́n sì jí awakọ̀ wọn gbé. Bí èyí bá ń ṣẹlẹ̀ sí àwọn tó wọ bọ́ọ̀sì ẹgbẹ́, ta ni yóò sọ fún ìyàwó rẹ̀ pé òun ń lọ wòran ní òpin ilẹ̀ Nàìjíríà?

Ọ̀RỌ̀ YÌÍ DÉ AMẸ́RÍKÀ NÁÀ

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé Nàìjíríà nìkan ni. Ní Amẹ́ríkà, bọ́ọ̀lù àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì jẹ́ ohun ńlá gan-an. Bọ́ọ̀lù wọn yàtọ̀ sí tiwa o, ó gùn bí ẹyin, ọwọ́ ni wọ́n sábà fi ń gbé e sáré. Ṣùgbọ́n èrò tó ń lọ wò ó lè kún pápá tó gba ju 100,000 lọ. Àwọn yunifásítì wọ̀nyí pín ara wọn sí ẹgbẹ́ẹgbẹ́ tí wọ́n ń pè ní kọ́ńfáránsì. Ní àtijọ́, àwọn tó wà ládùúgbò ara wọn ló ń wà nínú kọ́ńfáránsì kan, bí ẹni pé Ẹ̀gbá, Ìjẹ̀bú àti Ìbàdàn ń bá ara wọn gbá a.

Owó tẹlifíṣàn wá dé. Kọ́ńfáránsì tó bá ní ilé-ìwé tó lókìkí púpọ̀ ló ń gba owó púpọ̀. Ni kálukú bá bẹ̀rẹ̀ sí í fa ilé-ìwé onílé. Ní 2024, mẹ́wàá nínú ilé-ìwé méjìlá tó wà nínú Pac-12 ní etíkun ìwọ̀ oòrùn ló kẹ́rù wọn lọ lẹ́ẹ̀kan náà, ó wá ku méjì péré, bí ọjà tí òjò tú. Kọ́ńfáránsì kan wà tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Big Ten, ìyẹn Mẹ́wàá Ńlá. Ilé-ìwé mélòó ló wà nínú rẹ̀ ní 2024? Méjìdínlógún! Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ta ọsàn, ẹ mú ìṣirò yẹn lọ sí ọjà, kẹ́ ẹ wá sọ èrè tẹ́ ẹ jẹ. UCLA tó wà ní Los Angeles àti Rutgers tó wà ní New Jersey jọ wà nínú rẹ̀. Ìrìn àárín àwọn méjèèjì lé ní kìlómítà 3,500.

Ṣùgbọ́n èyí tó dun àwọn olólùfẹ́ bọ́ọ̀lù wọn jù ni ọ̀rọ̀ Texas àti Texas A&M. Inú ìpínlẹ̀ kan náà ni wọ́n wà. Wọ́n ti ń bá ara wọn gbá a láti 1894. Ọ̀rọ̀ ìdílé ni, bàbá lè wà lẹ́yìn ọ̀kan kí ọmọ wà lẹ́yìn èkejì. Lẹ́yìn tí wọ́n pàdé ní 2011, A&M bọ́ sí kọ́ńfáránsì mìíràn, ìpàdé náà sì parí. Ọdún 13 ni kò fi wáyé. Ọmọ tí wọ́n bí lọ́dún náà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di ọ̀dọ́ kó tó rí i. Nígbà tí Texas náà bọ́ sí kọ́ńfáránsì kan náà ní 2024 ni wọ́n tó tún pàdé ní oṣù kọkànlá. Ẹ gbọ́ o, owó ló tú wọn ká, owó náà ló sì tún so wọ́n pọ̀. Kò sẹ́ni tó bi àwọn tó ń wòran léèrè ní àkọ́kọ́, kò sì sẹ́ni tó bi wọ́n ní ìkẹyìn.

Ní ilẹ̀ Yúróòpù, ti wọn yàtọ̀ díẹ̀. Ní ọjọ́ 18 oṣù kẹrin ọdún 2021, ẹgbẹ́ ńlá 12 kéde pé àwọn fẹ́ dá líìgì àwọn olówó sílẹ̀, tí wọn ò ní lè lé ọ̀pọ̀ nínú wọn wálẹ̀ láé. Mẹ́fà nínú wọn wá láti England. Àwọn alátìlẹ́yìn gan-an ló kọ́kọ́ bínú. Àwọn ti Chelsea di ọ̀nà mọ́ ọkọ̀ ẹgbẹ́ ara wọn. Kó tó di òru ọjọ́ 20 oṣù náà, gbogbo mẹ́fẹ̀ẹ̀fà láti England ti yọ ọwọ́. Ọjọ́ méjì péré! Líìgì England yìí kan náà, 22 ni wọ́n nígbà tí wọ́n tún un ṣe ní 1992, wọ́n sì dín in kù sí 20 ní 1995. Àwọn tí gbogbo ayé ń wò gan-an ò sọ pé bó bá ti pọ̀ ló dára.

ṢÉ KÍ LÍÌGÌ MÁ FẸ̀ MỌ́ NI?

Ẹ jẹ́ ká fi ọ̀rọ̀ náà sẹ́nu èèyàn méjì ní Kẹ́mta, káfíńtà kan àti ìyá kan tó ń ta ata nítòsí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Bí wọ́n bá jọ jókòó, báyìí ni ìjíròrò wọn yóò ṣe lọ.

Káfíńtà á ní: "Ìyá, ẹ jẹ́ kí wọ́n dín líìgì yìí kù. Ẹgbẹ́ mẹ́wàá tó. Gbogbo wa á mọ ara wa."

Ìyá aláta á ní: "Káfíńtà, ọkọ mi, bí wọ́n bá ní mẹ́wàá, ta ni wọ́n máa kọ́kọ́ lé síta? Ṣé àwọn ìlú ńlá ni? Àbí ìlú bí Ìkẹ́nnẹ́?"

Káfíńtà á họ orí.

Òótọ́ ni ìyá aláta sọ. Bí ilẹ̀kùn bá há, àwọn tó ti wà nínú ilé nìkan ló ń jẹun. Ìkẹ́nnẹ́ kì í ṣe ìlú ńlá bí Kano tàbí Enugu, síbẹ̀ Remo Stars wá láti ibẹ̀. Wọ́n wọ líìgì àgbà, wọ́n jábọ́, wọ́n tún padà wọlé, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dà bí ọmọ tó ń kọ́ ìrìn. Wọ́n ṣe ipò kejì ní 2022/2023, wọ́n tún ṣe ipò kejì ní 2023/2024. Ní 2024/2025, wọ́n gba líìgì fún ìgbà àkọ́kọ́, Daniel Ogunmodede sì ni kóòṣì wọn. Ìpínlẹ̀ Ògùn jó, ó yọ̀. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2025, nígbà tí wọ́n fẹ́ pàdé Mamelodi Sundowns ti South Africa nínú ìdíje ilẹ̀ Áfíríkà, pápá ìṣeré M.K.O. Abíọ́lá ní Kútọ̀ ni wọ́n ti gbà wọ́n lálejò. Wọ́n nà wá ní góòlù márùn-ún sí ẹyọ kan, ó dùn wá. Ṣùgbọ́n ọmọ Kẹ́mta lè wọ ọ̀kadà lọ wo ẹgbẹ́ tó wà lára àwọn tó lágbára jù ní Áfíríkà, kó sì padà wá jẹ ẹ̀bà nílé. Bí ilẹ̀kùn bá há, ṣé a lè rí ìyẹn?

Síbẹ̀, kí ilẹ̀kùn fẹ̀ nìkan kò tó. Ẹ wo ife àgbáyé ọdún 2026. Wọ́n fẹ̀ ẹ́ láti orílẹ̀-èdè 32 sí 48. Áfíríkà tó ń ní àyè márùn-ún tẹ́lẹ̀ wá ní mẹ́sàn-án tó dájú. Cape Verde tó jẹ́ erékùṣù kéékèèké gba ibẹ̀ wọlé. Àwa ńkọ́? DR Congo fi pẹ́nárítì lé wa dànù ní oṣù kọkànlá ọdún 2025. Bí wọ́n bá fẹ ilẹ̀kùn tó bí ẹnubodè, ẹni tí kò múra kò ní wọlé.

ẸKỌ́ WÀ LÁRA ÀWỌN BABA WA

Ohun tó yẹ kí àwọn aláṣẹ bọ́ọ̀lù wá kọ́, Abẹ́òkúta ló wà. Nígbà tí àwọn baba wa sá wá sí abẹ́ Olúmọ ní nǹkan bí ọdún 1830, tí Ṣódẹkẹ́ sì jẹ́ aṣáájú wọn, ìlú kan kọ́ ni wọ́n. Ìlú púpọ̀ ni wọ́n, tí ogun tú ká. Kẹ́mta wá, Ìtòkò wá, Aké wá, Òkè-Ọnà wá, Gbágùrá wá. Kò pẹ́ tí Òwu náà dé. Wọ́n so ara wọn pọ̀ di ńlá kí ọ̀tá má baà rí wọn gbé ṣe. Ṣùgbọ́n Kẹ́mta ò sọ orúkọ rẹ̀ nù. Ìlú kọ̀ọ̀kan mú oyè rẹ̀ dání, ó mú Ògbóni rẹ̀ dání, ó tọ́jú ọ̀rọ̀ àdúgbò rẹ̀ fúnra rẹ̀. Ọ̀rọ̀ tó bá kan gbogbo Ẹ̀gbá nìkan ni wọ́n ń gbé lọ sí ìpàdé ńlá. Wọ́n fẹ̀, síbẹ̀ ẹni tó wà nílé ò sọnù.

Bẹ́ẹ̀ ló yẹ kí líìgì fẹ̀. Kí aládùúgbò kọ́kọ́ bá aládùúgbò gbá a, lọ síwá, bọ̀ sẹ́yìn, kí ìwọ̀ oòrùn mọ ọ̀gá tirẹ̀, kí àríwá mọ tirẹ̀, kí ìlà oòrùn mọ tirẹ̀. Àwọn ọ̀gá wọ̀nyí ni kó wá rin ìrìn jíjìn láti pàdé. Kì í ṣe ohun tuntun. Ní ìpele kejì tí wọ́n ń pè ní NNL, wọ́n ti máa ń pín àwọn ẹgbẹ́ sí kọ́ńfáránsì Àríwá àti ti Gúúsù kí ìrìn lè dín kù. Bí ó bá dára fún àwọn tó wà nísàlẹ̀, kí ló dé tí kò ní dára fún àwọn tó wà lókè? Ṣùgbọ́n kí wọ́n fi ìtòsí pín in, kí wọ́n má kàn dà á pọ̀ sínú igbá kí wọ́n máa mú u. Bí wọ́n bá sì ti ṣe é, kí wọ́n jẹ́ kó dúró ọdún mẹ́wàá. Nǹkan tó ń yí padà lọ́dọọdún kì í ní gbòǹgbò.

Ẹ̀kejì ni ti ohùn. Ní Jámánì, láti 1998 ni òfin ti wà pé nínú ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù, yàtọ̀ sí ìwọ̀nba díẹ̀, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ gan-an ló gbọ́dọ̀ ní ju ìdajì ìbò lọ. Olówó lè mú owó wá, kò lè dá tú ẹgbẹ́ ká lóru ọjọ́ kan. Ṣé ohun tó le ni fún wa? Àwa tí a ń dá àjọ láti ọjọ́ pípẹ́? Ẹgbẹ́ àwọn télọ̀ ń dá owó, ti àwọn mẹkáníìkì ń dá owó, ìyálọ́jà ń kó owó ọjà jọ, wọ́n sì ń ṣírò rẹ̀ dé kọ́bọ̀ ìkẹyìn. Bí ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù kan ní Abẹ́òkúta bá ta ìpín fún irú àwọn ẹgbẹ́ wọ̀nyí, tí ó sì fún wọn ní àga nínú ìgbìmọ̀, ẹni tó bá fẹ́ tú u ká yóò kọ́kọ́ dá ìyálọ́jà lóhùn.

Kí ẹnikẹ́ni má sì sọ pé obìnrin ò mọ̀ nípa irú èyí. Ní 1947, àwọn obìnrin ọjà Ẹ̀gbá tú jáde tẹ̀ lé Ìyá Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kútì nítorí owó orí. Wọ́n jókòó síta, wọ́n kọrin, wọn ò padà sílé títí tí ìjọba fi gbọ́. Ní 1949, Aláké ìgbà náà pàápàá fi oyè sílẹ̀, ó di 1950 kí ó tó padà. Owó orí lọ́jọ́ yẹn, owó tíkẹ́ẹ̀tì àti owó ọkọ̀ lónìí. Ìbéèrè kan náà ni: ta ló ń sanwó, ta ló sì ń pàṣẹ?

Nítorí náà, nígbà tí àwọn ọ̀gá bọ́ọ̀lù bá tún jókòó ní Àbújá, tí wọ́n ní líìgì yóò fẹ̀ tàbí yóò há, kí ọmọ Kẹ́mta má kàn bi wọ́n pé ẹgbẹ́ mélòó ni. Kó bi wọ́n pé: aládùúgbò wa ńkọ́? Ọjọ́ wo lẹ máa gbá a, ṣé kì í ṣe ọjọ́ ọjà? Ẹ ó ha kéde rẹ̀ ní àsìkò, kí alákàrà lè mọ iye ẹ̀wà tí yóò rẹ? Bí ẹni tó ni ẹgbẹ́ bá sì rẹ̀ lọ́la, ta ni yóò gbà á lọ́wọ́ rẹ̀?

Bí wọ́n bá rí ìdáhùn sí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kí wọ́n fẹ̀ ẹ́ títí dé 40. Bí wọn ò bá rí i, 20 pàápàá ti pọ̀ jù. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Kútọ̀ nígbà tí Abíọ́lá Babes ń gbá bọ́ọ̀lù, ẹ kọ lẹ́tà sí Olóòtú. Ẹ sọ ohun tẹ́ ẹ rí, ẹ sọ ohun tẹ́ ẹ tà lọ́jọ́ náà, kí àwọn ọmọ tó ń wo Arsenal lè mọ̀ pé pápá tiwa náà ti kún rí.